Ìṣirò mi kò bá ìwúwo eta àti eta-prime mu: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìwòròkó ni mo wà, iṣẹ́ másítà mi dá lórí àwọn meson fífúyẹ́, èérún tí quark kan àti òdì-quark kan so pọ̀ di, bíi pion, kaon, eta àti eta-prime. Mo lo ìdọ́gba chiral (pé a lè yí quark ọwọ́ òsì àti ti ọwọ́ ọ̀tún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìba òfin jẹ́) fún quark mẹ́ta. Pion àti kaon bọ́ sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ìṣirò mi ní ọ̀kan nínú eta àti eta-prime kò gbọdọ̀ ju nǹkan bí 240 MeV (òṣùwọ̀n ìwúwo èérún) lọ, bẹ́ẹ̀ 548 àti 958 ló wà nínú tábìlì. Mo ti yẹ kóòdù wò títí.

Ìdáhùn: Àbúrò, fi kóòdù lọ́rùn sílẹ̀. Ohun tí o fún un jẹ ló ń bì. Weinberg, onímọ̀ físíìsì, ti rí 240 yẹn ní 1975: ìwúwo pion lọ́nà √3. Ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan tó bá wó ló ń bí meson fífúyẹ́ kan; mẹ́sàn-án lo kà sí èyí tó wó, o wá ń retí meson fífúyẹ́ mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ péré ni. Ìkẹsàn-án, U(1) axial, orí ìwé nìkan ló wà; bí kúáńtọ́ọ̀mù bá ti wọ ọ̀rọ̀, gluon, èérún tó ń so quark pọ̀, á bà á jẹ́. Òun ni wọ́n ń pè ní anomaly. Kódà bí o bá sọ ìwúwo quark di òdo, eta-prime á ṣì wúwo. 't Hooft ṣàlàyé rẹ̀ ní 1976, Witten àti Veneziano sì ṣírò rẹ̀ ní 1979.

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: fi 850 MeV, ní ìlọ́po ara rẹ̀, kún ipò singlet (àdàlú tí quark mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní ìpín dọ́gba) nínú mátíríìsì ìwúwo eta àti eta-prime. Méjì-sí-méjì ni, bírò tó o, má dúró de iná. Wàá rí nǹkan bí 500 àti 980. Kò wọlé géérégé, ṣùgbọ́n fún ìpele àkọ́kọ́, mo gbà á.

Ìbéèrè: Pion aláìní-chajì tó ń jẹrà di photon (èérún ìmọ́lẹ̀) méjì ńkọ́? Òdo ni mo rí fún ìwọ̀n ìjẹrà rẹ̀.

Ìdáhùn: Àìsàn kan náà ni, photon ló fà á lọ́tẹ̀ yìí. Sutherland àti Veltman rí òdo yẹn ní 1967. Adler, àti Bell pẹ̀lú Jackiw, tú u ní 1969 nípa lúùpù quark onígun mẹ́ta. Fi í kún un, wàá rí nǹkan bí 7.75 eV, ìwọ̀n tí wọ́n gbé jáde láti Virginia ní 2020 jẹ́ 7.80. Bó bá jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án rẹ̀ lo rí, o gbàgbé àwọ̀ mẹ́ta tí quark ní. Bó bá jẹ́ ìdajì, 130 MeV lo lò fún fπ, òǹkà ìjẹrà pion, dípò 92.