Bí mo ṣe tún fáìlì kílínìkì ẹ̀jẹ̀ ríru wa tò

Iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ìlera ni mo kọ́, ilé ìwòsàn aládàáni kan ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni mo sì ti ń ṣe é. "Àwọn ará káàdì" ni wọ́n ń pè wá. Nígbà tí ọ̀gá wa, dókítà tó ni ilé ìwòsàn, ní kí n bá àwọn tún fáìlì àwọn tó ń wá sí kílínìkì ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tò, kọ̀ǹpútà ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: ẹ jẹ́ ká ra sọ́fítíwia, ká tẹ gbogbo ẹ̀ sí i, ó tán. Èmi ní ká ṣe sùúrù ná. Fáìlì tí a kò rí nígbà tí a nílò rẹ̀, tí a bá kó o bó ṣe wà sínú ẹ̀rọ, inú ẹ̀rọ náà ni a ó tún ti máa wá a.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá wọn lọ́jọ́ kílínìkì. Wọ́n ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ aláìsàn kọ̀ọ̀kan nítorí mi, èmi sì ń wo ohun tí ọ̀gá ń wá nínú ìwé. Kò pẹ́ tó fi yé mi pé ohun kan náà ni wọ́n ń wá lórí gbogbo èèyàn: oògùn tí ẹni náà ń lò báyìí àti ìwọ̀n rẹ̀, iye tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nígbà tó wá kẹ́yìn, àyẹ̀wò creatinine rẹ̀, èyí tó ń fi bí kídìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, àti ìgbà tí a ṣe é, oògùn tí ara rẹ̀ kọ̀, àti àìsàn mìíràn tó ń bá a fínra. Gbogbo rẹ̀ wà nínú fáìlì. Àmọ́ ọ̀kan wà láàárín, òmíràn wà lẹ́yìn ìwé lábù, òmíràn sì wà nínú ìwé tí ilé ìwòsàn mìíràn kọ wá tí ẹnì kan ká sí wẹ́wẹ́. Bí ọ̀gá bá ṣí i títí tí wọn ò rí i, wọ́n á bi aláìsàn léèrè, aláìsàn á ní, "Oògùn funfun kékeré yẹn ni, dókítà." Oògùn funfun kékeré mélòó ló wà láyé!

Bàbá kan ti sọ tipẹ́ pé láti ìgbà tí wọ́n ti fún àwọn ní lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, ni ikọ́ ò ti jẹ́ kí àwọn sùn. Ikọ́ kì í ṣe àjèjì sí irú oògùn yẹn, dókítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà sì yí i sí amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, àfi pé ìlà kan ṣoṣo ni láàárín ìwé rẹpẹtẹ. Dókítà mìíràn dé, kò rí ìlà náà, ó tún fẹ́ kọ lisinopril. Bàbá fúnra wọn ló yẹ̀ ẹ́: "Ẹ má fún mi ní oníkọ́ yẹn o."

Ìdí rèé tí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ fi jẹ́ ìwé líle kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé, tí a lẹ̀ mọ́ inú èèpo fáìlì kí ó lè jẹ́ pé òun ni ojú á kọ́kọ́ bá. Èrò náà kì í ṣe tèmi. Láti 1968 ni Lawrence Weed, dókítà ará Amẹ́ríkà, ti kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine pé ìṣòro aláìsàn ló yẹ kí a fi to àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí a to àwọn ìṣòro náà pẹ̀lú nọ́ńbà síwájú, dípò ká máa kó ìwé jọ bí wọ́n bá ṣe ń dé láti lábù, láti wọ́ọ̀dù, láti ibi gbogbo. Lórí tiwa, àwọn ìṣòro wà lápá òsì pẹ̀lú déètì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Oògùn wà lápá ọ̀tún. Oògùn tí ara kọ̀ wà lókè pátápátá pẹ̀lú bírò pupa, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan o, ohun tó ṣe fún ẹni náà pẹ̀lú, nítorí ikọ́ yàtọ̀ sí kí ètè àti ọ̀fun wú. Ìsàlẹ̀ ni àyè ìfúnpá, ìyẹn iye tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí a ń fi kún un nígbà kọ̀ọ̀kan tí aláìsàn bá wá.

Ẹnì kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì ní ká máa fi pẹ́ńsù kọ ìlà oògùn, kó lè rọrùn láti pa rẹ́. Mo kọ̀ jálẹ̀. A kì í pa ọ̀rọ̀ rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ ìlera: ìlà kan là ń fà kọjá ohun tó ti yí padà, kó ṣì ṣeé kà, ká fi déètì àti ìbuwọ́lù sí i. Ọjọ́ tí ẹjọ́ bá dé, tàbí tí ẹnì kan bá fẹ́ mọ ìdí tí ẹsẹ̀ ìyá kan fi ń wú lẹ́yìn tí a gbé amlodipine rẹ̀ láti 5 mg sí 10 mg, ohun tí a fagi lé yẹn gan-an ni a ó nílò.

Mátírónì wa ló ní kí n fi ìlà kan kún un tí èmi ì bá má rántí: ohun tí aláìsàn ń lò tí kì í ṣe àwa la fún un. Àgbo wà níbẹ̀, diclofenac tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì nítorí orúnkún náà wà níbẹ̀. Irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ga, ó sì lè ba kídìnrín jẹ́, síbẹ̀ tí ẹ bá bi àwọn àgbà pé "Ṣé oògùn mìíràn wà tí ẹ ń lò?" wọ́n á ní rárá. Wọn kì í ka ti orúnkún mọ́ oògùn. Mátírónì kì í béèrè bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ìyá mi, tí ẹsẹ̀ bá ń ro yín, kí lẹ máa ń lò sí i?" Ìdáhùn á jáde wẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ìbéèrè náà sórí ìwé, pẹ̀lú ẹnu mátírónì.

Orúkọ ló gba àkókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó jẹ́ Ṣeun lọ́dún yìí, Oluwaseun ni nínú fáìlì èṣí. Shola kan wà, Sola kan wà, ẹnì kan náà ni. Ìyá mìíràn fi orúkọ bàbá ọkọ ṣe sọ́nẹ́èmù nígbà kan, ó fi ti ọkọ gan-an ṣe é nígbà mìíràn. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ "Alhaja" ni akọ̀wé kan kọ, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò. Ọjọ́ ìbí kò ràn wá lọ́wọ́, torí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú fáìlì wa. Tí mo bá ní àyè, mo máa ń béèrè pé, "Bàbá, nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira, ṣé ẹ ti ń lọ ilé ìwé?" Ìyẹn á sún wa mọ́ 1960 lọ́nà kan, ó sàn ju 1 January lọ.

Ohun tí mo wá ṣe ni pé kí a tó ṣí fáìlì tuntun fún ẹnikẹ́ni, a ó béèrè orúkọ tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, orúkọ tí àwọn aládùúgbò ń pè é, agboolé rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù, a ó sì wá gbogbo rẹ̀ nínú àtòjọ orúkọ kó tó gba nọ́ńbà. Níbi tí ẹnì kan bá ti ní fáìlì méjì, a pa wọ́n pọ̀ sábẹ́ nọ́ńbà tó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n a kì í fi àyè èkejì sílẹ̀ lófo: ìwé pélébé kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ibi tí a kó o lọ. Èyí tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni òdìkejì rẹ̀, ìyẹn èèyàn méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan. Ìyàwó àgbà àti ìyàwó ọmọ nínú agboolé kan, orúkọ kan náà, sọ́nẹ́èmù kan náà, ọ̀kan ní àtọ̀gbẹ, èkejì kò ní. Fáìlì irú wọn gba àmì pupa: ORÚKỌ JỌRA, Ẹ WO NỌ́ŃBÀ.

Lórí pẹpẹ, mo yí bí a ṣe ń to fáìlì padà. Tẹ́lẹ̀, a ń tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ láti 000001 lọ, gbogbo fáìlì tuntun á sì há sí ìpẹ̀kun kan, ibẹ̀ náà ni gbogbo wa á ti máa gba ara wa lẹ́jìká. Ní báyìí, ẹ̀yìn là ń kà wá síwájú. Fáìlì 042763 á lọ sí apá 63, a ó wá 27 níbẹ̀, lẹ́yìn náà 04. Apá 00 dé 99 ló wà, ọgọ́rùn-ún gééré, fáìlì tuntun á sì fọ́n ká gbogbo wọn. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ráhùn fún bí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó dákẹ́. Àyè tí a bá ti yọ fáìlì, páálí kan á dúró síbẹ̀, ẹni tó mú un, ibi tó gbé e lọ àti déètì á wà lára rẹ̀. Àwọn dókítà kò fẹ́ràn páálí yìí rárá.

Ìgbà yìí ni mo tó ṣí kọ̀ǹpútà, Excel lásán sì ni. Àtòjọ orúkọ àti ìfúnpá tó kẹ́yìn nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ni nọ́ńbà fóònù, kì í ṣe iye, kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á gé òdo iwájú 0803 sọnù. Ẹ kọ orúkọ oṣù jáde, nítorí 3/7 lè jẹ́ oṣù kẹta tàbí oṣù keje, ó kù sọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀rọ. Ẹ sì ya ìfúnpá òkè àti ti ìsàlẹ̀ sí òpó méjì. 160/100 nínú àpótí kan kò ṣeé tò.

Òpó méjì yẹn ló jẹ́ kí a lè ṣe ohun tí ọ̀gá fẹ́ gan-an, ìyẹn kí àwọn mọ̀ bóyá ìtọ́jú àwọn ń ṣiṣẹ́. Ní 2016 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) gbé HEARTS jáde, ètò ìtọ́jú àìsàn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ní 2020 sì ni ìjọba àpapọ̀ pẹ̀lú wọn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀jẹ̀ ríru ní Kano àti ní Ògùn níbí, láwọn ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé. A kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ mo yá bí wọ́n ṣe ń kà lò. Ẹ ó mú gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀, ẹ ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ kò tó 140/90 nígbà tó wá kẹ́yìn láàárín oṣù mẹ́ta, ẹni tó wá àmọ́ tí tirẹ̀ ṣì ga, àti ẹni tí kò wá rárá. Ẹni kẹta yìí ni a kì í kà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó jókòó níwájú dókítà ni dókítà ń rí, ojú wọn sì ń fihàn pé nǹkan ń lọ déédéé. Nígbà tí mo ka àwọn tó ti dáwọ́ dúró mọ́ ọn, ọ̀gá wo ìwé náà fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n.

Ìpè yẹn ní ìlànà tirẹ̀. Fóònù ọmọ ni púpọ̀ nínú nọ́ńbà náà, tàbí ti aládùúgbò, kò sì yẹ kí n sọ àìsàn ẹnikẹ́ni fún ẹni tó gbé e. Òfin Ìlera ti 2014 kò fàyè gba kí a tú àṣírí aláìsàn, òfin ààbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra. Ohun tí a ń sọ kò ju èyí lọ: "Ẹ káàsán o. Ilé ìwòsàn la ti ń pè. Ẹ bá wa sọ fún bàbá pé ká rí wọn lọ́sẹ̀ yìí." Èsì tí wọ́n ń fún wa yàtọ̀ síra. Owó ọkọ̀ kò sí. Wọ́n ti lọ bá ọmọ wọn ní Èkó. Ara wọn ti yá, kí ni wọ́n ń gbé oògùn mì fún? Èyí ló pọ̀ jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ro ni. Àwọn kan ti kú. Tí a bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, a kí wọn kú ìrọ́jú, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹlòmíràn nínú wa má tún pe ilé yẹn lóṣù tó ń bọ̀ láti béèrè ìdí tí bàbá kò fi yọjú.

Nítorí òfin yìí kan náà ni mo ṣe bẹ àwọn dókítà kí wọ́n yéé ya fọ́tò èsì lábù sí WhatsApp pẹ̀lú orúkọ. Wọ́n ń lo nọ́ńbà fáìlì báyìí, lọ́pọ̀ ìgbà.

Èsì lábù tó ń dé lẹ́yìn tí aláìsàn ti lọ ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá jà. Àpótí kan wà lórí tábìlì dókítà fún un, ìwé kankan kò sì gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ lọ sínú fáìlì láìní ìbuwọ́lù. Mo tún fẹ́ kí aláìsàn máa mú ẹ̀dà ìwé aláwọ̀ ewé rẹ̀ dání lọ sílé, kí ilé ìwòsàn mìíràn lè rí i tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru. Mátírónì ní wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á fi di ẹ̀pà. Ọ̀gá kò tíì dá sí i.