Bí a ṣe ń dí ọkọ̀ alápákó tó ń jò létí odò Ọya

Ọ̀kún o. Ọkọ̀ tó ti sùn lórí iyanrìn Lọ́kọ́ja láti oṣù kejìlá, kò sí bó ṣe máa wọ omi padà tí kò ní jò. Ọyẹ́ ti fa omi ara pákó gbẹ, pákó ti súnkì, ojú ìpàdé wọn ti là. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Ẹni tó bá da kólútà lé e ní gbígbẹ bẹ́ẹ̀ ló ń bà á jẹ́, torí bí pákó bá mumi tó wú, á ti kólútà náà jáde.

Ẹ kọ́kọ́ tì í sí ibi tómi ò jìn, ẹ kó òkúta sí i kó rì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ojú tó bá pa ara rẹ̀ dé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́n omi rẹ̀, ẹ gbé e lé igi ìrọ̀rí méjì, kí ẹ wá da omi sínú rẹ̀. Ibi tómi bá ti ń kán níta, ẹ fi ẹfun sàmì sí i. Inú òjìji ni kí ẹ ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ, fún ọjọ́ kan péré. Bí ẹ bá sá a sóòrùn, ẹ ti padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀bẹ gún gbogbo ibi tí ẹfun wà. Bí ẹnu ọ̀bẹ bá wọlé wẹ́rẹ́, pákó ti jẹrà, kò sí òwú tí a lè kì bọ ojú rẹ̀ tó lè gbà á. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ fi pákó tuntun rọ́pò. Bí pákó bá ṣì le, ẹ họ èyí tí wọ́n fi dí i tẹ́lẹ̀ kúrò, ẹ lọ́ òwú bí okùn, kí ẹ fi ṣísẹ́ẹ̀lì tí ẹnu rẹ̀ kú àti òòlù kì í wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ má kì í kún dé ojú. Ẹ má sì fi agbára lù ú jù: òwú náà máa wú, pákó máa wú, ìṣó ni yóò sì já. Àwọn kan máa ń rẹ òwú náà sínú epo pupa. Kólútà kì í lẹ̀ mọ́ epo.

Inú agolo gbígbẹ ni kí ẹ ti yọ́ kólútà, níta, lórí iná kékeré. Omi ṣíún nínú agolo yẹn á mú kó hó dànù, á sì ta sí yín lára. Ẹ da lẹ́búlẹ́bú tí ayùn kó jáde lára pákó sí i, kó lè ki, kó má baà yọ́ ṣàn nígbà tóòrùn bá mú. Ẹ fi kún ojú tó kù lórí òwú.

Ihò tàbí ẹ̀là tó wà láàárín pákó kan ló nílò páànù. Kí páànù náà fi ìka mẹ́ta ju ihò lọ yíká, kí kólútà wà lábẹ́ rẹ̀, kí àlàfo ìṣó sì tó ìka méjì. Ẹ má to ìṣó sórí ìlà ẹran igi kan náà, igi á là. Ẹ má fi páànù kan so pákó méjì pọ̀. Bí wọ́n ṣe ń wú tí wọ́n ń súnkì ni wọn yóò máa fa páànù náà ya.

Ìṣó tí wọ́n fi síńkì bò ni kí ẹ rà. Ìṣó lásán a dípẹtà, a wú, a sì sọ igi tó yí i ká di dúdú. Lọ́dún 1832, ọkọ̀ onírin Alburkah, tí ilé-iṣẹ́ Laird kàn ní Birkenhead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ odò Ọya yìí. Àlùbáríkà tí àwa náà ń pè ni orúkọ náà. Ọyẹ́ ò lè mú irin súnkì, ṣùgbọ́n ìpẹtà kò fi í sílẹ̀.

Ẹ so ọkọ̀ náà mọ́ èbúté di ọjọ́ kejì kí ẹ tó di ẹrù sí i. Omi díẹ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Bó bá kún dé kókósẹ̀, ojú kan wà tí ẹfun yín fò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá tún dé, ẹ fi omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà, kí ẹ gbé e sábẹ́ igi.