Bí a ṣe ń fi ẹṣin páálí Ojúde Ọba ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀

Tí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, ọ̀rọ̀ ẹṣin ló ń jáde lẹ́nu àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, torí ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun á gẹṣin, régbérégbé, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, á kó aṣọ sọ́rùn, ariwo á sọ. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń ṣe spíìsì tẹ́rápì, ìyẹn ríran àwọn tí ọ̀rọ̀ sísọ ń nira fún lọ́wọ́, àtẹ̀yin òbí tí ọ̀rọ̀ ò tètè yọ lẹ́nu ọmọ yín, ẹ má jẹ́ kí àsìkò yìí lọ lásán o, ẹ bá ọmọ fi páálí ṣe ẹṣin tó máa mú un sọ̀rọ̀.

Àkọ́kọ́, ẹ mú ìró kan ṣoṣo tí ọmọ ò tíì lè pè dáadáa. Ọmọ tó ń sọ "otùn" dípò "okùn", ẹṣin yìí bá a mu gan-an, torí okùn ìjánu wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ wà níbẹ̀, a sì máa kùn ún. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ Ìjẹ̀bú nílé wọn ló ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn kì í ṣe àléébù jàre, ẹ fi sílẹ̀. Tẹ́ẹ bá sì pè é látẹ̀yìn tí kò yíjú, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ etí ẹ̀ wò ná.

Ẹ wá páálí Indomie, ẹ ya ẹṣin sí i, ẹ gé e kọ́mọ tó dé, torí tí sísọ́ọ̀sì bá gba gbogbo àsìkò, ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ̀rọ̀? Okùn, àjákù aṣọ, ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, ìlẹ̀kẹ̀ ńlá. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3, ẹ má fún un ní ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ rárá, ó lè gbé e mì tàbí kó tì í bọ imú.

Ibi tíṣẹ́ wà gan-an rèé: ẹ má kó gbogbo ẹ̀ síwájú ọmọ. Ẹ gbé méjì sókè, "okùn ni àbí ìlẹ̀kẹ̀?", kẹ́ẹ wá dákẹ́, ẹ ka 1 dé 10 nínú, ẹ máa wojú ẹ̀. Dídákẹ́ yìí le fún àwa àgbà, a máa ń fẹ́ bọ́mọ sọ ọ́. Tó bá ní "tùn", ẹ fún un, ẹ fayọ̀ sọ ọ́ padà: "Okùn! A fẹ́ so okùn mọ́ ẹṣin." Ẹ má ní "rárá, tún un sọ", ọmọ tí wọ́n ń bá wí lórí ọ̀rọ̀, ńṣe ló máa panu dé. Tó bá ti tújú ká, ẹ jẹ́ kó wo ẹnu yín, kó fi góńgó ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín ìsàlẹ̀, kẹ́yìn ahọ́n lè gbéra fún "k". Ìlẹ̀kẹ̀, ẹ máa fún un níkọ̀ọ̀kan, kó máa bèèrè ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan náà á jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsú u.

Tó bá di ìgbà àgbàdo, "gb" ló kàn, ẹ fi háríhá ṣe bèbí. Ìgbà ọyẹ́, ewé gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀, ní Ṣágámù ní Ìkẹ́nnẹ́, ẹ fi ìyẹn náà ṣe nǹkan, owó kankan ò sí níbẹ̀.

Kọ́mọ máa gbé ẹṣin ẹ̀ lọ sílé o. Ẹ kọ "okùn, ìlẹ̀kẹ̀, kùn" sẹ́yìn páálí, kí ìyá àgbà lè mọ ohun tó máa bi í.