Bí mo ṣe fi áìsì bílọ́ọ̀kù mú ẹlẹ́rìndòdò tutù di alẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta

Nígbà tí ìyá wa pé ẹni ọdún 70, èmi ni wọ́n ní kí n bójú tó títutù ohun mímu. Kíréètì 10 ni, ìgò 24 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, abẹ́ kánópì ládùúgbò wa ní Èbúté Mẹ́ta la ó sì ti ṣe é, láti ọ̀sán títí di alẹ́. Fíríìjì ilé kò lè gbà á, iná mànàmáná ò sì ṣe é gbọ́kàn lé. Ó di áìsì bílọ́ọ̀kù.

Kí n tó náwó, mo ṣe ìṣirò. Ìgò 24 tó jẹ́ 50cl yóò gba lítà 12, ẹ jẹ́ ká kà á sí omi kìlò 12. Kí omi kìlò kan tó fi dígírì kan tutù, ooru kilojoule 4.2 gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀ (kilojoule ni wọ́n fi ń wọn ooru). Láti dígírì 30 sí 5, ìyẹn jẹ́ 12 lọ́nà 4.2 lọ́nà 25, kilojoule 1,260. Ìgò náà ní ooru tirẹ̀, mo fi díẹ̀ kún un. Kìlò áìsì kan sì máa ń gba nǹkan bíi kilojoule 334 kó tó yọ́ tán. Kíréètì kan yóò jẹ áìsì bíi kìlò 4 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun mímu nìkan kọ́ ló ń jẹ áìsì, oòrùn àti atẹ́gùn ń jẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ra ìlọ́po méjì, bíi kìlò 80.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yíyọ́ yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo agbára áìsì wà. Níwọ̀n ìgbà tí áìsì bá ṣì wà nínú omi tó ń yọ́ lára rẹ̀, tí a sì ń rò ó pọ̀, àpapọ̀ wọn kò ní í kúrò ní dígírì 0. Ooru ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ títú áìsì di omi ló ń bá a lọ, kò ráyè mú nǹkan gbóná. Joseph Black, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ló ṣàwárí èyí ní nǹkan bí ọdún 1761. Ooru tó yọ́ kìlò áìsì kan tó láti gbé omi rẹ̀ láti dígírì 0 dé 80. Omi tútù lásán kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láé.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí Oko Baba, níbi tí wọ́n ti ń la pákó létí ọ̀sà, mo lọ wá ìyẹ̀fun pákó. Bàbá kan níbẹ̀ béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fi dáná ni?" Mo ní, "Rárá o, Bàbá, áìsì ni mo fẹ́ fi bò." Wọ́n fà mí lọ sí òkìtì mìíràn: "Ti igi tútù nìyẹn, omi wà nínú rẹ̀. Èyí tó gbẹ ni kóo kó." Òótọ́ pọ́ńbélé ni wọ́n sọ. Atẹ́gùn tó há sáàárín ìyẹ̀fun ló ń dí ooru lọ́nà. Bí omi bá gba ipò atẹ́gùn yẹn, ooru rí ọ̀nà. Lọ́dún 1833, àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọkọ̀ ojú omi kó áìsì láti Boston dé Calcutta ní Íńdíà, irin-àjò oṣù mẹ́rin, èyí tó ju ìdajì lọ ló sì gúnlẹ̀.

Nílé, mo tẹ́ àpò ìrẹsì sábẹ́ àtẹ̀gùn níbi tí oòrùn kò dé, mo da ìyẹ̀fun sí i tó nípọn tó ìka mẹ́rin, mo to áìsì lé e, mo tì wọ́n mọ́ra pinpin, mo tún da ìyẹ̀fun bò wọ́n. Mi ò fọ́ èyíkéyìí àfi èyí tí mo fẹ́ lò lójú ẹsẹ̀. Áìsì tí a bá fọ́ wẹ́wẹ́, ojú tí ooru ń gbà wọ inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Mo to ìgò sínú dírọ́ọ̀mù oníke, mo da àfọ́kù áìsì lé wọn lórí, mo sì bu omi sí i títí ó fi dé ọrùn ìgò. Àǹtí mi figbe ta: "Omi kẹ̀! Ṣé o fẹ́ kó yọ́ ni?"

"Àǹtí, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ ná. Bí kò bá sí omi, ibi tí áìsì bá ti kan ìgò nìkan ló máa tutù, atẹ́gùn ló wà níyòókù."

Omi ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po tó ju 20 ti atẹ́gùn tó dúró jẹ́ẹ́ lọ. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n fi ń mu ún.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí ni òógùn tó ń yọ lára dírọ́ọ̀mù. Kò jò láti inú o. Inú atẹ́gùn Èkó tó kún fún ọ̀rinrin ló ti wá, bó sì ṣe ń di omi ló ń tú ooru sílẹ̀, bíi kilojoule 2.4 fún gíráàmù kan. Ìyẹn tó láti yọ́ áìsì gíráàmù méje! Mo fi aṣọ nínípọn àti àpò gbígbẹ wé dírọ́ọ̀mù náà yíká, mo sì fi ìdérí dé e.

Lálẹ́, kíréètì méjì dé láti ọ̀dọ̀ àwọn àna wa, gbígbóná ni. Mo da iyọ̀ sí áìsì tó kù nínú bàsíà, kí àwọn ìgò náà lè tètè tutù nínú rẹ̀. Iyọ̀ máa ń jẹ́ kí áìsì yọ́ nísàlẹ̀ dígírì 0, ó lè lọ sílẹ̀ tó 21 nísàlẹ̀ 0 bí iyọ̀ bá pọ̀ tó. Mo dúró ti ìgò wọ̀nyẹn, torí omi tó bá dì máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè fọ́ ìgò.

Nígbà tí wọ́n tú kánópì, áìsì ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo gbé e fún ìyá ẹlẹ́ja inú ọgbà wa tàpò tàpò, mo sì ní kí wọ́n sá ìyẹ̀fun náà sóòrùn kí wọ́n tó tún lò ó.