Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Apẹja: Bí Abúlé Ṣe Lè Ka Ohun Inú Omi Rẹ̀, Ẹ̀kọ́ Láti Fíjì

Ní etíkun ìlà-oòrùn Viti Levu, erékùṣù tó tóbi jù ní Fíjì, orílẹ̀-èdè kan nínú òkun Pàsífíìkì, abúlé kan wà ní agbègbè Verata tí wọ́n ń pè ní Ucunivanua. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ló máa ń ṣa kaikoso, ìyẹn ẹran omi oníkarahun tó ń gbé inú ẹrọ̀fọ̀. Ìkarahun rẹ̀ dà bí àwo kékeré méjì tí wọ́n fi dé ara wọn. Bí òkun bá ti fà, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa fi ọwọ́ tú ẹrọ̀fọ̀ kiri. Nígbà kan rí, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n fi ń kó àpò mélòó kan. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1990 sí 1999, obìnrin lè lo odindi ọjọ́ kan nínú ẹrọ̀fọ̀ kó má kó ju ààbọ̀ àpò lọ.

Ohun tí abúlé yẹn ṣe sí ọ̀rọ̀ náà ni ìwé yìí dá lé. Fíjì ní erékùṣù tó lé ní 300, ibi ìpẹja ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní qoliqoli sì lé ní 400. Kò sí bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe lè pọ̀ tó tí ojú wọn á fi ká gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń wọ omi lójoojúmọ́ ló yẹ kí ìmọ̀ àti àṣẹ wà. Mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, nítorí mo rò pé ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ti ń kùnà ni pé wọ́n kọ́ ọ́fíìsì sí ìlú ńlá, wọn ò sì kọ́ ẹni tó ń ṣa ẹran omi ní nǹkan kan.

Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ kí ẹ tó ti omi

Ọmọ abúlé kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Gúúsù Pàsífíìkì ló lọ bá àwọn olùkọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá ran àwọn lọ́wọ́. Àwọn olùkọ́ náà ò wá pa àṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìpàdé àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó ṣọ̀kan. Nígbà tó di ọdún 1997, abúlé náà fi èèwọ̀ lé hẹ́kítà 24 nínú ẹrọ̀fọ̀ iwájú ilé wọn fún ọdún mẹ́ta. Tabu ni wọ́n ń pe irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀; òun ni mò ń pè ní títi omi, ìyẹn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣa nǹkan níbẹ̀. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wọn, torí láyé àtijọ́, bí olóyè ńlá bá papòdà, wọ́n máa ń ti apá kan òkun fún 100 òru láti fi bọ̀wọ̀ fún un.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ bi àwọn obìnrin kí ẹ tó bi àwọn ọkùnrin. Ẹni tó ń ṣa ẹran omi ló mọ ibi tó ti pọ̀ rí, ibi tó ti tán, àti oṣù tó máa ń sanra. Ẹ má sì ti ibi tí kò ní nǹkan kan nínú torí pé ìyẹn ló rọrùn fún gbogbo ayé láti fi sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kà á

Ibí yìí ni ìdí iṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀ kà á. Ènìyàn 20 ni wọ́n yàn ní Ucunivanua láti bójú tó ibi tí wọ́n tì, àwọn ará abúlé fúnra wọn ló sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà. Irinṣẹ́ rẹ̀ ò wọ́n: okùn gígùn tí ẹ ti wọ̀n, igi mélòó kan, férémù onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan, rúlà àti ìwé. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, omi máa ń pa ohun tí bírò kọ rẹ́.

Nígbà tí òkun bá fà, ẹ na okùn lórí ẹrọ̀fọ̀, kí ẹ ri igi mọ́ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ lè padà síbẹ̀ gan-an lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ gbé férémù lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ní ìdíwọ̀n tó dọ́gba. Ẹ má ṣe wá ibi tó dára lójú yín gbé e sí. Ibi tí okùn bá sọ ni kí ẹ gbé e sí, ì báà ṣófo. Ẹnì kan á tú ẹrọ̀fọ̀ inú férémù, ẹnì kejì á fi rúlà wọn ìkarahun kọ̀ọ̀kan, ẹnì kẹta á kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dá gbogbo wọn padà sínú ẹrọ̀fọ̀.

Ká ní ẹ gbé férémù lélẹ̀ nígbà 10, tí ẹ rí 30 lápapọ̀, mẹ́ta ni mítà kan níbùú lóròó ń gbé nìyẹn. Bí ó bá di mẹ́sàn-án lẹ́yìn ọdún méjì, kò sí ẹni tó máa jiyàn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ka inú ibi tí ẹ tì, ẹ sì ka ibi tí wọ́n ṣì ń ṣa, torí láìsí èkejì, ẹ ò ní mọ̀ bóyá èèwọ̀ ló ṣiṣẹ́ tàbí ọdún yẹn ló kàn dára.

Ìdí tí a fi ń wọn títóbi ni pé iye nìkan lè tan yín. Bí wọ́n bá pọ̀ àmọ́ tí gbogbo wọn kéré, àwọn abiyamọ ti tán nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kí wọ́n tó rí kaikoso tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ ní Ucunivanua. Ní ọdún díẹ̀ sí i, àwọn tó ju 8 lọ ti wọ́pọ̀. Láàárín 1997 sí 2004, wọ́n pọ̀ sí i gidigidi nínú ibi tí wọ́n tì, wọ́n sì pọ̀ sí i lóde rẹ̀ pẹ̀lú, torí ìgbì máa ń gbé ọmọ wọn wẹ́wẹ́ lọ kó tó dúró sínú ẹrọ̀fọ̀. Nígbà tí ọdún mẹ́ta pé, abúlé náà ò ṣí i; wọ́n sún un síwájú. Àwọn agbègbè mìíràn wá wò ó, wọ́n sì lọ ṣe tiwọn.

Ibi tí ìjọba ti wọlé

Èèwọ̀ abúlé nìkan ò tó lé ọkọ̀ àlejò. Ní Fíjì, ẹni tó bá fẹ́ pẹja tà ní láti kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ olóyè tó ni qoliqoli, kí ìjọba tó fún un ní ìwé àṣẹ. Òfin sì fàyè gba kí wọ́n yan ará abúlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ṣọ́ ẹja. Láti ọdún 2018, ìjọba fòfin de pípa àti títa kawakawa àti donu láti oṣù kẹfà sí oṣù kẹsàn-án. Àkókò yẹn ni àwọn ẹja ńlá inú òkúta iyùn yìí máa ń pàdé láti yé ẹyin, ibì kan náà ni wọ́n sì máa ń pàdé sí, tí àwọn apẹja díẹ̀ fi lè pa gbogbo wọn tán.

Ti ẹja tuna lójú agbami tún yàtọ̀, kò ṣeé fi okùn wọ̀n. Ọdún 1979 ni àwọn erékùṣù Pàsífíìkì dá àjọ tó ń rí sí ìpẹja wọn sílẹ̀, Honiara, olú ìlú Solomon Islands, ló sì fìdí sí. Ní 1982, àwọn tó ni omi tí tuna pọ̀ sí jù fọwọ́ sí àdéhùn Nauru, pé àwọn á jọ máa ṣètò ìpẹja inú omi wọn. Láti 2007, ọjọ́ ìpẹja ni wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n sì fi òǹkà sí iye ọjọ́ tó wà fún títà. Nígbà kan, iye tó kéré jù fún ọjọ́ kan jẹ́ 5,000 dọ́là Amẹ́ríkà. Ní 2015, ó ti di 8,000. Ọ̀dọ́ àwọn erékùṣù náà tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ ló wà nínú ọkọ̀ ńlá wọ̀nyẹn, tí wọ́n ń ka ẹja tí àwọ̀n bá gbé jáde, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i

Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n tì ní Fíjì ni wọ́n máa ń ṣí nígbà ìsìnkú tàbí nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì bá fẹ́ kówó jọ. Kò sí ẹ̀bi níbẹ̀, torí kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe tì í. Àmọ́ gbogbo abúlé lè wọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n kó ohun tí ọdún mẹ́ta kó jọ láàárín ọjọ́ méjì. Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ń ti omi ni kí ẹ ti kọ bí ẹ ó ṣe ṣí i: ọjọ́ mélòó, ta ni yóò wọ ibẹ̀, àpò mélòó fún ilé kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n wo ni kí wọ́n dá padà. Ẹ kà á lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ẹ tún kà á lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá ti tún un tì, kí ẹ sì ka òǹkà méjèèjì sétí gbogbo ìpàdé abúlé.