Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbin kárọ́ọ̀tì kí ó tó hù

Pákẹ́ẹ̀tì irúgbìn mẹ́ta ni mo rà kí kárọ́ọ̀tì kan tó yọjú lẹ́yìnkùlé mi. Mẹ́ta! Bí mo bá fi owó yẹn ra kárọ́ọ̀tì tó ti gbó, bóyá mi ò bá ṣì máa jẹ ẹ́ títí di báyìí. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì kò ju pé kí n wọ́n ọn, kí n bò ó, kí n bomi rin ín, bí ẹni pé kò sí wàhálà kankan níbẹ̀.

Ti ilẹ̀ títọ́jú, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Mo ro ilẹ̀ jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, mo ṣa òkúta kúrò, mo kọ ebè. Ó tán.

Irúgbìn kárọ́ọ̀tì kéré púpọ̀. Bí èèyàn bá mí sí i, ó ti fò lọ. Èmi sì bò ó mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń bo ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, kò sí nǹkan. Ọ̀sẹ̀ kejì, koríko. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo fọwọ́ tú ìlà kan, mi ò bá ohunkóhun níbẹ̀. Mo ní irúgbìn náà ti pẹ́ jù ni, torí pé ti kárọ́ọ̀tì kì í lè pẹ́ títí nínú pákẹ́ẹ̀tì kó tó kú. Mo bú ẹni tó tà á fún mi nínú ikùn mi, mo lọ ra òmíràn.

Lẹ́ẹ̀kejì, mi ò bò ó ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ín. Kó tó di ọ̀sán, oòrùn ti lá omi náà tán, ojú ilẹ̀ á sì le gbagidi. Àwọn díẹ̀ tiraka, mo rí ibi tí wọ́n ti ń ti èèpẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ kejì wọ́n ti rọ. Ọjọ́ yẹn ni mo ju ọkọ́ sílẹ̀, tí mo wọlé lọ sùn.

Ó gbà mí lákòókò kí n tó mọ̀ pé ìwà irúgbìn yìí nìyẹn: ó lè lo ọjọ́ 14 sí 21 nínú ilẹ̀ kó tó hù, bó bá sì gbẹ lẹ́yìn tó ti mumi wú, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí ta gbòǹgbò, ó lè kú. Kì í ṣe omi púpọ̀ ló ń fẹ́, kí ojú ilẹ̀ má gbẹ rárá ló ń fẹ́. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kẹta, mo sẹ́ èèpẹ̀ oníyanrìn, mo fi bo irúgbìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mo rin àpò ìdọ̀họ gbingbin, mo tẹ́ ẹ lé ebè lórí. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mò ń wọ́n omi sí àpò yẹn. Láti ọjọ́ keje ni mo ti ń ṣí etí rẹ̀ yọjú. Ọjọ́ kejìlá, mo rí wọn, tín-ín-rín bí irun! Mo pe gbogbo ará ilé síta. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ṣé koríko tí mò ń pariwo lé lórí nìyí. Mo ká àpò kúrò lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n má baà funfun lábẹ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n fà lára wọn tu kí àlàfo nǹkan bíi 5 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ta ló fẹ́ fa kárọ́ọ̀tì dànù? Àwọn tí mo fi tìkọ̀tìkọ̀ fà, mo tún wọn gbìn síbòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má dán an wò. Gbòǹgbò wọn ti ṣẹ́, gbogbo wọn sì yà bíi ṣòkòtò.

Ó lé díẹ̀ lọ́jọ́ 80 lẹ́yìn tí wọ́n hù kí n tó fà wọ́n. Mo rin ilẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo sì di ìdí ewé mú, kì í ṣe orí rẹ̀. Mo gé ewé kúrò lójú ẹsẹ̀, torí ó ń fa omi ara kárọ́ọ̀tì. Èjìká àwọn kan ti di àwọ̀ ewé nítorí mi ò wa èèpẹ̀ bò wọ́n nígbà tí wọ́n yọ sókè. Síbẹ̀ mo kà á, 61 ni, yàtọ̀ sí àwọn oníṣòkòtò. Mo tún un kà.

Àpò ìdọ̀họ yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn báyìí, mo fi kọ́ ìṣó. Mo ti sọ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi nulẹ̀.