G6PD: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Ní Iléṣà níbí, bí ó ti rí ní Ilé-Ifẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí a gbọ́ kí ìyá ọmọ tuntun sọ fún àwọn tí ó wá kí i pé, "Wọ́n ní ọmọ mi ní G6PD." Gbólóhùn yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé àwọn tí ó kàwé dáadáa náà ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n òdìkejì ohun tí dókítà rí ni ó ń sọ. G6PD kì í ṣe orúkọ àìsàn. Ẹ́ńsáìmù ni, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ kan pàtó lè tètè parí nínú sẹ́ẹ̀lì, ó sì yẹ kí gbogbo wa ní in dé ìwọ̀n tí ó tó. Àìtó rẹ̀ ni ó ń fa wàhálà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àríyànjiyàn lórí ìlò ọ̀rọ̀ lásán ni èyí, nítorí orí ìwé èsì àyẹ̀wò ni ó ti ń di ewu. Ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n ń fún òbí ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: wọ́n á kọ "G6PD" sí apá òsì, wọ́n á sì kọ "Normal" tàbí "Deficient" sí iwájú rẹ̀. Ìyá tí ó ti gbà pé àìsàn ni G6PD yóò rí "Deficient," ẹnìkan yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un pé kò tó, yóò sì máa dúpẹ́ pé àìsàn náà kò pọ̀ lára ọmọ òun. Ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́ lójú méjèèjì ni wọ́n wá gbé lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ọmọ mi ní G6PD?" Ẹ béèrè pé, "Ṣé G6PD ọmọ mi tó?" Ẹ má sì gba "pọ́sítíìfù" tàbí "nẹ́gátíìfù" ní ìdáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò sọ bóyá ẹ́ńsáìmù náà ni wọ́n rí tàbí àìtó rẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ ní kíkún ni glucose-6-phosphate dehydrogenase. Ẹẹ́fà inú rẹ̀ kò sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó, bí àwọn kan ti ń rò. Ipò kẹfà lára glúkóòsì, níbi tí phosphate lẹ̀ mọ́, ni ó ń tọ́ka sí. Dehydrogenase ní tirẹ̀ ń sọ iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù náà ń ṣe: ó ń yọ hydrogen. Hydrogen tí ó bá yọ ni a fi ń ṣe NADPH, èròjà kan tí ń gbé hydrogen kiri nínú sẹ́ẹ̀lì, NADPH yìí sì ni ó ń ran èròjà kan tí ń jẹ́ glutathione lọ́wọ́ láti gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ohun tí ó fẹ́ bà á jẹ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà rí NADPH. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kò ní òmíràn. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni àìtó G6PD ti ń hàn: sẹ́ẹ̀lì pupa yóò máa fọ́, ojú yóò pọ́n (ibà pọ́njú nìyẹn), ìtọ̀ yóò sì dúdú bí omi zobo.

Nítorí pé glúkóòsì wà nínú orúkọ náà, àwọn kan rò pé ó kan àtọ̀gbẹ, àwọn mìíràn sì ń po omi glúkóòsì fún ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Omi glúkóòsì kò lè dá ẹ́ńsáìmù padà, kò sì lè wo ibà pọ́njú. Àyè ọmú ni ó ń gbà nínú ikùn ọmọ. Ẹ má sì fi oòrùn àárọ̀ rọ́pò ilé ìwòsàn, nítorí bí ohun tí ń mú ojú pọ́n bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè wọ inú ọpọlọ, kí ó sì sọ ọmọ di adití tàbí kí ó ba ìrìn rẹ̀ jẹ́ títí ayé. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Jẹ́nótáìpù kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ti haemoglobin, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, ni AA, AS àti SS. Ẹni tí ó jẹ́ AA lè má ní G6PD tó.

Àṣìṣe mìíràn wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń ṣe nínú ìwé. G6PD A àti G6PD A− kì í ṣe ọ̀kan náà: èkíní ń ṣiṣẹ́ dáadáa, èkejì ni àìtó tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àmì kékeré yẹn nìkan ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí a má ṣe pe gbogbo àìtó G6PD tí a bá rí ní Iléṣà ní "G6PD Ilesha." Orúkọ irú kan pàtó ni, èyí tí lysine ti gba ipò glutamic acid (méjèèjì wà lára àwọn èròjà kéékèèké tí a fi to ẹ́ńsáìmù) ní ipò 156 lára ẹ́ńsáìmù náà. Orúkọ ìlú wa wà lára rẹ̀, inú mi sì dùn sí i, ṣùgbọ́n A− ni a máa ń bá pàdé jù.

Àwọn kan ń sọ pé ọkùnrin nìkan ni ó ń ṣe. Orí krómósómù X, ọ̀kan lára àwọn okùn tín-ín-rín inú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń gbé ohun àjogúnbá, ni ètò ìṣẹ̀dá ẹ́ńsáìmù yìí wà, ẹyọ kan ni ọkùnrin sì ní, obìnrin ní méjì, ìdí nìyẹn tí ó fi pọ̀ jù lára wọn. Obìnrin lè gbé e fún ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ náà sì lè ní àìtó.

Èyí tí ó ń dùn mí jù ni ti káfúrà, hóró funfun tí a ń kó sáàárín aṣọ. Ìyá àgbà yóò ṣí àpótí, yóò mú aṣọ tí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà wọ̀ jáde, òórùn káfúrà yóò gba gbogbo yàrá, wọn yóò sì gbé aṣọ ọ̀hún wọ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lọ́jọ́ náà gan-an. Naphthalene inú rẹ̀ lè gba awọ ara wọlé, ó lè gba imú wọlé, ó sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD rẹ̀ kò tó. Ẹ má kó o sí àpótí aṣọ ọmọ, ẹ má sì fi ìró tí ó ń rùn ún pọn ọmọ. Àwọn dókítà ọmọdé tún ń kìlọ̀ nípa páúdà àti ìpara onímẹ́ńtọ́ọ̀lù fún ọmọ tuntun.

Ní ti oògùn, primaquine (oògùn ibà ni), dapsone, nitrofurantoin àti methylene blue ni kí ẹni tí G6PD rẹ̀ kò tó yẹra fún, àyàfi bí dókítà tí ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ní ìdí. Kì í ṣe gbogbo oògùn ibà ni èèwọ̀. Artemether-lumefantrine kò sí lára wọn. Ní ti oúnjẹ, àwọn òbí kan ti fi àkàrà àti mọ́ínmọ́ín du ọmọ nítorí pé wọ́n kà á pé ẹ̀wà léwu. Ẹ̀wà fava, tí wọ́n ń jẹ ní agbègbè Òkun Mẹditaréníà, ni ìkìlọ̀ náà ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀wà ọjà Àtàkúnmọ́sà.

Ẹ má sì gba èsì "Normal" gbọ́ tán bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń fọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ṣe àyẹ̀wò náà, tàbí lẹ́yìn tí wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ lára. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ tí ẹ́ńsáìmù wọn kéré jù ni ó ń kọ́kọ́ fọ́, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ́kù a sì máa ní in jù wọ́n lọ, èyí lè mú kí èsì dà bí ẹni pé ó tó. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà síni lára náà sì ní ti ẹni tí ó fi í tọrẹ. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò láyé, nítorí náà ẹ bi dókítà léèrè ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n tún àyẹ̀wò náà ṣe, kí ẹ sì tọ́jú ìwé èsì méjèèjì pọ̀.